Àkàrà Atalẹ̀ ti Ọdún Kérésìmesì, àti Ọwọ́ Àwọn Baba Wa Nínú Rẹ̀

Ó lè ya díẹ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu pé a mú ọ̀rọ̀ àkàrà wá sínú ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Wọn yóò wí pé, ìtàn ọba àti ti ogun ni àwọn ń retí. Kí ni àkàrà òyìnbó ń wá níbí? A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa a máa wí pé, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àkàrà tí à ń wí yìí ni èyí tí a ń fi ìyẹ̀fun, atalẹ̀, àti oyin tàbí oje ìrèké dúdú ṣe, tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ń pé jọ yan nínú ilé wọn ní ilẹ̀ òyìnbó nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó dùn, ó sì ń ta lẹ́nu díẹ̀; òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo ilé kan. Ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà àkàrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò bá àwọn mọ́ńkì, àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò pàdé. Bí ó bá sì rìn jìnnà tó, yóò bá àwọn ènìyàn wa pàdé pẹ̀lú, àwọn kan nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn kan nínú òmìnira. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀.

I. Atalẹ̀, oyin, àti ìlú Nuremberg

Atalẹ̀ kì í hù ní oko àwọn òyìnbó, nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Ìlà-Oòrùn ni ó ti wá, láti ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ a gbé e la òkun kọjá, ràkúnmí a sì gbé e la aṣálẹ̀ kọjá. Ní ìgbà tí ó tẹ̀ lé tiwọn, Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì ni ọjà ńlá tí a ti ń rà á. Ó ti kọjá lọ́wọ́ oníṣòwò púpọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, olúkúlùkù wọn a sì fi èrè tirẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn ìyá wa ń bù ní ọ̀wọ́n kékeré lọ́jà ṣe di ohun ọlọ́lá ní ilé àwọn òyìnbó ayé àtijọ́. Wọ́n kà á sí oògùn pẹ̀lú, fún inú tí kò da oúnjẹ dáradára àti fún òtútù. Ní ti èyí wọn kò yàtọ̀ sí àwọn baba wa.

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nuremberg. Ohun méjì ni ó sọ ìlú náà di ìlú àkàrà atalẹ̀. Èkíní ni pé, ó wà lójú ọ̀nà àwọn oníṣòwò tí ń ti Fẹ́nísì bọ̀, nítorí náà atalẹ̀, kínámónì àti kànáfùrù kò wọ́n ibẹ̀ bí ó ti wọ́n àwọn ìlú mìíràn. Èkejì ni pé, igbó ńlá yí i ká, oyin sì pọ̀ nínú igbó náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọgbà oyin ilẹ̀-ọba náà. Ní ọdún 1350, Késárì Charles Kẹrin fi ìdí ẹ̀tọ́ àwọn tí ń kó oyin nínú igbó náà múlẹ̀. Kí òǹkàwé rántí pé ṣúgà ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ òyìnbó ní ọjọ́ wọnnì. Oyin ni ohun tí tálákà àti ọlọ́rọ̀ fi ń mú oúnjẹ wọn dùn.

Àwọn mọ́ńkì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń yan irú àkàrà yìí ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ń sin oyin nítorí ìda tí wọn ń fi ṣe fìtílà ilé ìsìn. Nígbà tí wọ́n bá sì mú ìda tán, oyin a ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun olóyin náà a máa lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ààrò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sórí àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí a ń lò ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n tí a kò tí ì yà sí mímọ́. Títí di òní ni a ń rí àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà lábẹ́ ọ̀pọ̀ àkàrà atalẹ̀ Nuremberg. Ẹni tí ó bá mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí ohun tí a kọ nípa mánà nínú ìwé Eksodu orí kẹrìndínlógún, pé adùn rẹ̀ dà bí ti àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi oyin ṣe.

Ní ọdún 1395 ni a ti rí ẹni tí ń yan àkàrà yìí nínú ìwé ìlú Nuremberg. Ní ọdún 1643, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èyí ya ara wọn kúrò lára àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì di ẹgbẹ́ tí ó dá dúró. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Jámánì dàbí àwọn ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ àti oníṣọ̀nà tiwa: ọmọ a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, a kì í fi àṣírí iṣẹ́ han àlejò, ẹni tí kò bá sì wọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ tajà. Nítorí náà ní ayé ìgbà náà, ìyá ọlọ́mọ kì í dìde lọ́sàn-án kan kí ó wí pé òun fẹ́ yan àkàrà atalẹ̀ fún títà. Ti ẹgbẹ́ ni. A ń rà á ni.

Ìtàn kan tí àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn láti máa sọ ni ti ọdún 1487. Késárì Frederick Kẹta wà ní Nuremberg pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ó ní kí a kó àwọn ọmọdé ìlú jọ. Wọ́n tó ìwọ̀n 4,000. Ó sì fún olúkúlùkù wọn ní àkàrà atalẹ̀ kékeré kan tí a tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sí. Ọba púpọ̀ ni ó ti jẹ tí a kò rántí orúkọ wọn mọ́, ṣùgbọ́n ìlú kan kò gbàgbé ẹni tí ó fi oúnjẹ dídùn lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

II. Àkàrà atalẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ní Ìlú Ọba, àkàrà atalẹ̀ àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a ń yan rárá. Èérún búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ oyin gbígbóná pẹ̀lú ata àti kínámónì títí yóò fi le, wọn a wá gé e wẹ́wẹ́. Ìwé oúnjẹ kan wà tí a kọ ní ìgbà tí àwọn Pọtogí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá etíkun ilẹ̀ wa, nínú èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ to gbogbo ohun tí a ó fi ṣe àkàrà atalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì gbàgbé atalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ má ṣe yára rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láti òkè dé ilẹ̀ tí a kò sì rántí ìdí ẹ̀kọ́ náà.

A sọ ọ́ pé Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní máa ń mú kí a fi àkàrà náà ya àwòrán àwọn àlejò pàtàkì tí ó bá wá sí ààfin rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di ohun ọjà. Ní gbogbo ọjà ọdọọdún ni a ti ń tà á, òmíràn a ní àwòrán ọba, òmíràn ti ẹṣin, òmíràn ti lẹ́tà A, B, D tí ọmọ ń kọ́ kí ó tó jẹ ẹ́.

Láàárín ìgbà náà, ohun kan yí padà tí ó mú ìtàn àkàrà yìí wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fi oyin sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1650 lọ, oje dúdú tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ṣúgà kúrò lára omi ìrèké ni wọ́n ń lò dípò oyin, nítorí kò wọ́n, ó sì ń mú àkàrà náà dúdú, ó sì ń jẹ́ kí ó rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ibo ni oje náà ti wá? Láti àwọn erékùṣù Bàbédósì, Jàmáíkà àti àwọn mìíràn bí wọn ni. Ta ni ó sì gbin ìrèké ibẹ̀, tí ó gé e, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó dúró ti ìkòkò gbígbóná rẹ̀ lóru? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a tà ni.

III. Adùn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú

Kì í ṣe ohun tí a lè fò kọjá nìyí. Ìdílé kan ní Ìlú Ọba a jókòó yí iná ká ní alẹ́ Kérésìmesì, wọn a kọ orin ìbí Olúwa, wọn a sì pín àkàrà fún àwọn ọmọ wọn. Adùn tí ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ náà, ọmọ ẹlòmíràn ni ó sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Àwọn mìíràn mọ̀, wọn kò sì bìkítà.

Ṣùgbọ́n a rí àwọn tí ọkàn wọn gún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1791, Wilberforce mú ọ̀ràn òwò ẹrú wá síwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Ọba pé kí a fi òpin sí i. Ènìyàn 88 ni ó gbà á, 163 sì kọ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ kọ̀, ilé ìdáná gbà. Ní ọdún kan náà ni ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Fox, tí ó ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe ra ṣúgà tí ẹrú ṣe mọ́. Àwọn ìyá ilé ni ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń lọ sí ọjà. Àwọn ọmọdé pẹ̀lú kọ ohun dídùn lórí tábìlì bàbá wọn. Thomas Clarkson, ẹni tí ó rìn káàkiri ilẹ̀ náà nítorí ọ̀ràn yìí, ṣírò àwọn tí ó fi ṣúgà sílẹ̀ sí 300,000. Nígbà tí ó ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwo ṣúgà tí a kọ ọ́ sí lára pé ohun inú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú. Ní ọdún 1824, obìnrin kan ní ìlú Leicester, Elizabeth Heyrick, kọ̀wé láti bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira kíákíá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lọ láti ilé dé ilé láti bá àwọn ìyá ilé sọ̀rọ̀ lórí ṣúgà.

Nígbà tí a bá ń rò ó, ọkàn wa a máa lọ sí ọ̀dọ̀ ọba Dáfídì. Ó ń yán hànhàn fún omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn akọni mẹ́ta sì la ibùdó ọ̀tá já láti fà á wá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rò pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi wewu, kò lè mu ún. Ó tú u jáde níwájú Olúwa. Àwọn ìdílé tí ó kọ ṣúgà sílẹ̀ ní ọdún 1791 tọ ipa ẹsẹ̀ Dáfídì. Láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù náà ni Ẹni tí à ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ sì ti wá.

A fi òpin sí òwò ẹrú lábẹ́ òfin Ìlú Ọba ní ọdún 1807. A ṣe òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú nínú àwọn erékùṣù rẹ̀ ní ọdún 1833, wọ́n sì bọ́ pátápátá ní ọdún 1838. Ìbá dára bí ìtàn náà ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1846, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kan náà ṣe òfin mìíràn tí ó ń dín owó ibodè kù díẹ̀díẹ̀ lórí ṣúgà tí ó ti àwọn ilẹ̀ mìíràn wá, ì báà ṣe iṣẹ́ ẹrú, ì báà ṣe ti òmìnira. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà Kúbà àti ti Bràsíìlì ṣe rí ọ̀nà wọ Ìlú Ọba.

Ta ni ó wà ní oko ìrèké Kúbà àti ti Bràsíìlì ní àkókò náà? Àwọn ènìyàn wa ni. Láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń mì títí tí ó fi tú, àti nígbà gbogbo ogun tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó gba etíkun lọ. Ní Kúbà a ń pè wọ́n ní Lùkùmí, ní Bràsíìlì a ń pè wọ́n ní Nàgó. Ọdún 1886 ni ìgbèkùn parí ní Kúbà, ọdún 1888 sì ni ní Bràsíìlì. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìtàn ogun Òwu àti ti Ìjàyè fi èyí kún un: pé ogun wa kò parí ní odi ìlú wa. Ẹni tí a mú lẹ́nu odi, ó ń bọ̀ wá di ẹni tí ń gé ìrèké ní òkè òkun, kí àjọ̀dún ẹlòmíràn lè dùn.

IV. Atalẹ̀ Sàró

Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ará wa wà ní oko ìrèké, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba ti gba àwọn mìíràn sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Sàró. Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a mú ní ọdún 1821, tí a gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí ó ń bọ̀ wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther ní ọdún 1864. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. A tẹ̀ wọ́n dó sí àwọn ìletò tí ó yí Freetown ká, bí Bathurst, Hastings àti Waterloo. Àwọn ará ibẹ̀ fi ìkíni wa pè wọ́n ní Àkú.

Kí ni wọ́n fi ọwọ́ òmìnira wọn ṣe? Wọ́n dáko. Lára ohun tí wọ́n gbìn fún títà ni atalẹ̀ wà. Ilẹ̀ àti òjò Sàró bá a mu; wọn a wà á, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a gbẹ, àwọn oníṣòwò a sì kó o lọ sí òkè òkun. Ní ìgbà tí Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù, atalẹ̀ Sàró ti di ohun tí a mọ̀ dáradára lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Láàárín ọdún 1846 àti 1886, nínú abọ́ kan ṣoṣo lórí tábìlì ìdáná kan ní Ìlú Ọba, ṣúgà tí ọmọ Yorùbá kan ṣe nínú ìdè ní Kúbà lè pàdé atalẹ̀ tí ọmọ Yorùbá mìíràn gbìn nínú òmìnira ní Sàró. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá kan, tí a mú ní ọjọ́ kan náà, tí a sì fi sínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá tí ń po ìyẹ̀fun náà kò mọ̀. Ọmọ tí ó dúró tì í tí ó ń lá ṣíbí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ka ìtàn mọ̀ ọ́n wàyí, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́.

Àwọn ará wa ní Sàró kò gbin atalẹ̀ fún ẹlòmíràn nìkan. Àwọn ìyá wọn kọ́ láti fi yan àkàrà, wọ́n sì ń fi ṣe ohun mímu tútù tí ń ta lọ́nà ọ̀fun. Títí di òní, kò sí Kérésìmesì tí ó pé ní ilé àwọn ọmọ wọn ní Freetown láìsí ohun mímu atalẹ̀ náà. Láti nǹkan bí ọdún 1839, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó, Bíbélì wà nínú àpótí wọn, ìwé wà níbẹ̀, ohun èlò gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbẹ̀. Ọgbọ́n àkàrà yíyan sì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn.

V. Bí àkàrà náà ṣe kúrò lọ́jà dé ilé

A ti wí pé ti ẹgbẹ́ ni àkàrà yìí ní àtètèkọ́ṣe. Báwo ni ó ṣe wá di iṣẹ́ ìdílé? Ohun púpọ̀ ni ó fà á. Ní ilẹ̀ Jámánì, a fi òpin sí àṣẹ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ìhà Bàfáríà, níbi tí Nuremberg wà, ọdún 1868 ni olúkúlùkù gba òmìnira láti ṣe iṣẹ́ tí ó bá wù ú. Ní ti ṣúgà, ọ̀mọ̀wé kan ní Berlin, Andreas Marggraf, ti rí i ní ọdún 1747 pé ṣúgà wà nínú gbòǹgbò kan tí ń hù ní ilẹ̀ olótùútù. Láti inú ọgbọ́n rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe ṣúgà ní oko ara wọn láìsí ẹrú. Ààrò onírin tí ó ní ilẹ̀kùn wọ ilé àwọn ènìyàn lásán, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gbé àkàrà rẹ̀ lọ sí ààrò àjùmọ̀lò tẹ́lẹ̀ rí ààrò ní ilé ara rẹ̀. Wọ́n sì rí ohun tí ń mú ìyẹ̀fun wú kíákíá: eérú igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń sẹ́ fún un, bí àwọn ìyá wa ti ń sẹ́ eérú fún ọṣẹ dúdú, lẹ́yìn èyí ni sódà dé.

Ní ọdún 1812, àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tẹ ìwé àlọ́ ilẹ̀ Jámánì jáde. Nínú rẹ̀ ni àlọ́ ọmọ méjì kan wà, tí ìyàn mú kí a já wọn sílẹ̀ nínú igbó, tí wọ́n sì bá ilé àjẹ́ kan tí a fi oúnjẹ dídùn kọ́. Láti ìgbà náà ni àṣà fífi àkàrà atalẹ̀ kọ́ ilé kékeré ní Kérésìmesì ti gbilẹ̀. Ó jọ wá lójú pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dára: àlọ́ tí ebi àti ìkọ̀sílẹ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀, ìdílé sọ ọ́ di ilé tí bàbá àti ọmọ jọ ń kọ́. Ní Ìlú Ọba, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, Albert, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó mú kí igi Kérésìmesì di ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́; ní ọdún 1848 ni a tẹ àwòrán igi ìdílé wọn sínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù, tí àkàrà atalẹ̀ sì wà lára ohun tí a so mọ́ ọn.

A kò lè ṣàì fi àpẹẹrẹ kan kún un láti ìgbà tiwa. Láti ọdún 1991, ní ìlú Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè, ìdílé, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ni ó ń yan ilé àkàrà atalẹ̀, tí wọn a sì tò wọ́n pọ̀ di ìlú kan lọ́dọọdún kí Kérésìmesì tó dé. Ní ọdún 2009, ẹnìkan wọlé lóru, ó sì fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú. Àwọn ọmọdé sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú padà sí ìdáná wọn, wọ́n tún yan òmíràn, ìlú àkàrà náà sì dìde padà kí àjọ̀dún tó dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ̀yà.

VI. Ní ilé àwa náà

Nítorí kí a má ba à sọ ohun tí a kò dán wò, àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa yan àkàrà yìí ní ilé wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Bọ́tà, ṣúgà àti oje dúdú ni a kọ́kọ́ yọ́ pọ̀ lórí iná díẹ̀, láìjẹ́ kí ó hó. Nígbà tí ó rọlẹ̀, a dà á sórí ìyẹ̀fun tí a ti po atalẹ̀ lílọ̀, kínámónì, kànáfùrù àti sódà díẹ̀ mọ́, pẹ̀lú ẹyin kan. A bò ó, ó sùn mọ́jú. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti jẹ́ kí ó sùn, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì, a fi ìgò yí i pẹrẹsẹ, àwọn ọmọ sì gé e: ìràwọ̀, àgùntàn, ènìyàn. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn gé ẹnìkan tí orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó ní bàbá òun ni, lórí pẹpẹ ìwàásù.

A kò ní ààrò òyìnbó. Iyanrìn ni a dà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, tí a gbé e ka iná èédú, tí a sì kó ẹ̀yìn iná sórí ìdérí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa ti ń ṣe. Èyí àkọ́kọ́ jóná nísàlẹ̀, nítorí àwa tí a ní kí a máa ṣọ́ ọ ń ka ìwé. Èkejì dára. Bí ó bá jáde tán yóò rọ̀ lọ́wọ́, ènìyàn a sì rò pé kò tí ì jinná. Bí ó bá tutù ni yóò le. Ìyá àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa kò mọ̀. Bí a bá sì tún dá a padà sórí iná gẹ́gẹ́ bí a ti fẹ́, à bá ti sọ ọ́ di òkúta.

Bí a ti ń dúró kí ó tutù, àkọ́bí wa béèrè ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá, ta ni ó gbin atalẹ̀ yìí?" A dá a lóhùn pé ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná ni a ti ń gbìn ín jùlọ, àti pé ní ọdún 2023 àrùn burúkú kan wọ oko àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n gbìn. Ó dákẹ́, ó ní, "Ṣúgà ńkọ́?" Nígbà náà ni a jókòó lórí àpótí ìdáná tí a sì sọ ìtàn tí ẹ ti kà tán yìí fún wọn, láti Nuremberg dé Kúbà, láti Kúbà dé Sàró. Kò sí èyí tí ó sùn nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́, a kò wí pé dandan ni kí olúkúlùkù yan àkàrà òyìnbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ṣe chin-chin, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó din àkàrà ẹ̀wà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, kí iṣẹ́ kan wà ní Kérésìmesì tí gbogbo ilé yóò fi ọwọ́ kan abọ́ kan ṣe, dípò kí á ra gbogbo rẹ̀ lọ́jà ní jíjinná. Nítorí ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá wà nínú iṣẹ́ ni etí rẹ̀ ń ṣí sí ìtàn. Kí á sì kọ́ wọn láti béèrè, nígbà tí ohun dídùn bá dé ẹnu wọn, ọwọ́ ta ni ó ti wá, àti bóyá ẹni náà rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ọmọ kan tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1791 kò lè dìbò ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ṣùgbọ́n ó lè ti àwo ṣúgà kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó sì fi di ọdún 1807, àwọn tí ń dìbò ti gbọ́ ọ.